Ibi Tí Òwú Bà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fún mi láyè kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mi ò wá polówó iṣẹ́ kankan fún yín o. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbi ìkómọ, ẹni tó jókòó tì mí á rọra sún àga rẹ̀, á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Èmi Mùfútàù, ọmọ bíbí Òṣogbo, iṣẹ́ ẹ̀tẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo wá àrùn náà káàkiri abúlé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mo bá wọn tọ́jú rẹ̀, mo sì bá àwọn tó ní in jẹun nínú abọ́ kan náà. Títí ìyá mi fi jáde láyé, ohun tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò ni pé wolé-wolé ni mí.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó lè gun kẹ̀kẹ́, tó mọ̀wé kà, tí kò sì ní sá. Mo lè gun kẹ̀kẹ́, mo mọ̀wé kà, wọn ò sì bi mí ní ìkẹta. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Wọ́n ní kí n lọ bá Ọ̀gá Àjàyí ní Iléṣà, kí wọ́n kọ́ mi.

Ọ̀gá Àjàyí jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára rìn, tí kì í sì í pẹ́ dé ibikíbi. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń lọ, àwọn ló máa ń gbé igbá ọrẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọn kì í mutí, wọn kì í purọ́, wọn ò sì fẹ́ràn ẹni tó ń purọ́, kódà kó jẹ́ irọ́ ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn mú àpò àwọn ní “ulé.” Mo dúró, mò ń wo ẹnu wọn.

“Ọmọ Òṣogbo,” wọ́n ní, “ilé tiyín náà ni ulé tiwa. Bí o bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń gbọ́ni.”

Mo rò pé èdè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ní kí n kọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

Fún oṣù bíi mélòó kan, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Ara mi ni wọ́n fi kọ́ mi. Wọ́n á ní kí n pa ojú dé, kí n na apá.

“Kí nìyí?”

“Omi gbígbóná ni, sà.”

“Èyí ńkọ́?”

“Omi tútù.”

“Èyí?”

“Abẹ́rẹ́ ni, sà,” mo sì ti fà sẹ́yìn.

“Èyí?”

Mi ò mọ nǹkan kan. Mo ń retí kó ta mí, kó jó mi, kò ṣe méjèèjì. Nígbà tí mo la ojú, ìyẹ́ adìẹ kan ni Ọ̀gá mú dání. Wọ́n ní, “Ó ti ń rìn lápá rẹ láti ìgbà tí o ti ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ohun tó ń dunni nìkan lo ń gbọ́. Ohun tí kò dunni ni iṣẹ́ wa.”

Wọ́n wá là mí lóye. Abẹ́ awọ ara, wọ́n ní, kún fún olùṣọ́ kéékèèké tí ojú ò lè rí. Èyí tó mọ ooru ò mọ òtútù. Èyí tó mọ ìrora ò mọ̀ bí ìyẹ́ bá ń rìn. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń bá ẹnì kejì ṣe é. Ohun tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á fi rán iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba inú ẹran-ara lọ jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Àwọn ti apá àti ti ẹsẹ̀ ń gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ti orí ò bá ẹnikẹ́ni tò lọ́nà yẹn. Ọ̀nà méjìlá ni wọ́n ní, ọ̀tún àti òsì, tó ń lọ tààrà sínú ọpọlọ. Ọ̀kan fún òórùn, ọ̀kan fún ìríran, àwọn kan fún yíyí ẹyinjú, òmíràn fún gbígbọ́, títí dé orí èyí tó ń mú ahọ́n yí lẹ́nu. Mo kọ́ gbogbo wọn sórí bí ọmọ ilé-kéwú ṣe ń kọ́ súrà, Ọ̀gá á sì máa bi mí ní orí kẹ̀kẹ́, lórí òkè Iwaraja, níbi tí mi ò ti rí èémí mí.

“Ìkarùn-ún?”

“Òun ló ń mọ ohun tó bá kan ojú, sà. Eruku, afẹ́fẹ́, omi.”

“Ìkeje?”

“Òun ló ń mú ojú rẹ́rìn-ín. Òun náà ló ń pa ojú dé.”

“Méjèèjì yẹn ni kí o di mú,” wọ́n ní. “Bí ẹ̀tẹ̀ bá mú ìkeje, ojú ò ní pa dé. Bó bá wá mú ìkarùn-ún mọ́ ọn, ojú ò ní mọ̀ pé òun ò pa dé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí dòní.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ kì í jẹ ìka ẹnikẹ́ni. Àwọn olùṣọ́ ló ń pa lẹ́nu mọ́. Èèyàn á di ìkòkò gbígbóná mú, kò ní mọ̀. Ẹ̀gún á wọ ẹsẹ̀, á máa rìn lé e lórí títí yóò fi di egbò. Obìnrin kan wà lábúlé kan tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ó lè ki ọwọ́ bọ omi tó ń hó, kó fi yọ iṣu. Wọ́n ní akọni obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ á tilẹ̀ pe àlejò kí wọ́n wá wò ó. Ọ̀gá Àjàyí wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ gbì. Ohun tí ilé náà ń pàtẹ́wọ́ fún láti ọjọ́ yìí ni àwa ń wá kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà pé kí ìrora lọ pátápátá, ẹ máa yọ ìyẹn díẹ̀ kúrò nínú àdúrà yín.

Òwú ni gbòógì irinṣẹ́ wa. A ó lọ́ ọ kó mú ní ṣóńṣó. Aláìsàn á pa ojú dé, a ó fi òwú kàn án, òun á sì fi ìka tọ́ ibi tó bà. Bó bá tọ́ ọ, a ó ní, “Òótọ́ ni.” Bí kò bá tọ́ ọ, a ò ní sọ nǹkan kan, a ó kọjá síbòmíràn. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àbí? Àgbàlagbà kan ni mo kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀, bàbá àgbẹ̀ kan báyìí. Mo fi òwú kàn án lẹ́yìn ọwọ́, ó tọ́ka. Mo fi kàn án létí, ó tọ́ka. Inú mi dùn, mo ní ara bàbá yá. Ọ̀gá gba òwú lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e dúró sínú afẹ́fẹ́, wọn ò fi kan bàbá rárá. Bàbá fi ìka tọ́ etí rẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, Ọ̀gá ní, “Èèyàn wa kì í fẹ́ kí àlejò ṣe iṣẹ́ lásán. Wọ́n rí i pé o ti gun òkè wá, oòrùn ti pa ọ́, wọ́n á bá ọ wá nǹkan tọ́ka sí. Nítorí náà, máa dá ọwọ́ dúró nígbà mìíràn. Ẹni tó bá tọ́ka síbi tí òwú ò bà, àánú rẹ ló ń ṣe é.”

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bọ̀dá Olówùú káàkiri.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi lélẹ̀ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orúkọ aláìsàn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wa. Bí a bá pàdé wọn lọ́jà, a ò gbọdọ̀ kí wọn àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí wa. Iṣẹ́ náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá fẹ́ fẹ́ ara wọn nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé àwọn ẹbí á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nílé ọ̀hún, bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá àrùn tí a kì í dárúkọ wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á ti béèrè ti ẹ̀kẹta bí kì í bá ṣe ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àjàyí? Nítorí náà, wọ́n ń wá, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, nírọ̀lẹ́.

Ọ̀gá kì í sọ ti ẹni tó ní in. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé tí a ò bá nǹkan kan pàdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ilé ire ni. Ẹ lọ fẹ́ ọmọ yín.” Wọn ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe fún àwọn ọmọ náà. Èmi náà ò rí i. Mo kàn ń gbé omi fún àlejò ni.

Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ká tó rí Ìbídùn. Ìgbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ti di alùpùpù, a sì ti gbàgbé oògùn funfun tí èèyàn ń lò títí ayé. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀, oríṣi méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n tò sínú páálí kan fún oṣù kan, bí àmì àrùn ò bá sì pọ̀ lára, oṣù mẹ́fà péré, ó parí. Gbogbo wa là ń yọ̀.

Ọmọ Ìwàrà ni Ìbídùn, ó ń kọ́ aṣọ rírán, ó ku díẹ̀ kó gba òmìnira. Àbàwọ́n kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì tí wọ́n ti ń fi oògùn làpálàpá ra láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi òwú kàn án níbẹ̀, kò mọ̀. Mo dá ọwọ́ dúró, kò tọ́ka síbì kankan. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ ti sùn ni?”

Ọmọ tó lẹ́nu ni. Bó bá ń bọ̀ wá gba oògùn ní Iléṣà, á sọ nílé pé òun fẹ́ lọ ra bọ́tìnnì. Bó bá délé wa, á yẹ ẹ̀wù mi wò, á ní, “Ta ló rán èyí fún yín? Ẹ sọ fún un pé mo kí i, kó má rán òmíràn.” Ọ̀gá tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ara wọn á máa mì. Ó lo oṣù kìíní, ó lo ìkejì, ó lo ìkẹta. Àbàwọ́n náà ti ń ṣókùnkùn padà. Nígbà tó wá gba ti ìkẹrin, Ọ̀gá ní kó di ojú rẹ̀ pa gírígírí. Ti ọ̀tún pa. Ti òsì pa, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá fi ìka gbé ìpéǹpéjú yẹn díẹ̀, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé. “Ìkeje ti ń rẹ̀ ẹ́,” wọ́n ní. “Oògùn kan wà tó máa jẹ́ kí wíwú iṣan náà lọ, ṣùgbọ́n kíákíá ni. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá lórí rẹ̀, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe mọ́.” Oògùn náà ò sí lọ́wọ́ wa. Wọ́n ránṣẹ́ sí Òṣogbo, wọ́n ní kí Ìbídùn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni obìnrin kan dé. Ìdílé oníṣòwò aṣọ ni wọ́n ní Iléṣà, ìyàwó bàbá ọmọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó ni. Ó kí wa dáadáa, mo gbé omi fún un, ó mu díẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ọmọ wa ti rí ẹnì kan ní Ìwàrà. Ọmọ tó ń ránṣọ. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. A ní ká kọ́kọ́ fojú yín wò ó.”

Ọ̀gá gbé ojú sílẹ̀. Wọ́n ń wo ife omi náà.

“Ìyá, mi ò lè sọ nǹkan kan lórí ìyẹn,” wọ́n ní.

“Ẹ ò lè sọ?”

“Iṣẹ́ wa ò fàyè gba kí n máa sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.”

Obìnrin náà rọra wo ojú Ọ̀gá. “Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi wá lọ́jọ́sí nítorí ọmọ tiẹ̀, ẹ ní ilé ire ni. Ẹ̀rín lẹ fi dá a lóhùn.”

Ojú wọn ò kúrò lórí ife.

“Ó dáa,” obìnrin náà ní. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. “A dúpẹ́. Àgbà lẹ jẹ́, ẹ ò jẹ́ ká ṣìnà.” Ó fi ìyókù omi náà sílẹ̀.

Nígbà tí ó kọjá ẹnu ọ̀nà, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sáré bá wọn.”

“Kí o lọ sọ kí ni?”

“Kí n ní ilé ire ni.”

“Irọ́ nìyẹn.”

“Kì í ṣe irọ́, sà. Ilé ire ni. Àrùn yẹn ò sì lè ran ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Mùfú, jókòó.”

Mo jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti gun alùpùpù wọ odò, mo ti sùn sóko, ejò ti ṣán bàtà lẹ́sẹ̀ mi, kò sí èyí tó dùn mí tó ìjókòó yẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Èmi náà sì wà níbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìyàwó náà dúró. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá aṣọ rírán rẹ̀ ní kó máa gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn tí wọ́n ti san owó aṣọ tẹ́lẹ̀ ò wá gba aṣọ wọn. Oògùn ojú dé láti Òṣogbo, ṣùgbọ́n Ìbídùn ò wá gbà á. A dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, lẹ́yìn náà a gbé alùpùpù, ó di Ìwàrà.

Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ ká wọlé.

“Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí,” ó ní.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” Ọ̀gá ní. “Ojú rẹ̀ ni. Oògùn rèé lọ́wọ́ wa. Bó bá pẹ́ kò ní ṣeé tún ṣe.”

“Ẹ ti tún un ṣe,” ìyá náà ní. “Ẹ máa lọ sí ulé yín. Bí àwọn èèyàn bá rí alùpùpù yín níbí, ti àwọn àbúrò rẹ̀ náà á bàjẹ́.”

Ọ̀gá Àjàyí tó dàgbà tó bàbá obìnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú kóòtù. Obìnrin náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ọmọ náà lọ. A bi àwọn ará ilé, a bi àwọn tó ń ránṣọ, a bi pásítọ̀ wọn. Gbogbo wọn ló dákẹ́ fún wa, bí Ọ̀gá ṣe dákẹ́ fún obìnrin aláṣọ yẹn. Mo gbé páálí oògùn náà padà sí Iléṣà nínú àpò mi, a sì fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí ọjọ́ rẹ̀ fi kọjá.

Láti ìgbà náà, Ọ̀gá ò dá ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣe ìwádìí lóhùn mọ́, yálà ilé ire ni o, yálà kì í ṣe ilé ire. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn, pẹ̀lú ojú kan náà: “Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn.” Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí wọn, wọ́n ní àgbà ń gbéra ga. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ mi lọ síbi iṣẹ́, èyí ni kí ẹ kó. Bí ẹ bá máa dákẹ́ nípa ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ dákẹ́ nípa gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ń yin àwọn kan, tó wá dákẹ́ lórí ẹnì kan, ó ti sọ̀rọ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé ojú ọmọ ọlọ́mọ la fi kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ń yí padà, ìgbà ò lọ bí òréré. Wọ́n kó òwú àti ìyẹ́ adìẹ lọ, wọ́n fún wa ní okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Eléyìí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, bí aláìsàn bá gbọ́ ọ, ara rẹ̀ pé. Bí kò bá gbọ́ ọ, a ó bọ́ sórí èyí tó nípọn jù ú lọ. Ó dára, ó jẹ́ ká mọ̀ ọ́n kí ara tó kú tán. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Àwọn tó wá rọ́pò wa á ya fọ́tò àbàwọ́n, wọ́n á fi ránṣẹ́, ìdáhùn á dé kí èèyàn tó mu omi. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé fọ́tò ò lè sọ bóyá ara gbọ́. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá,” bí wọ́n ṣe ń dá àgbàlagbà lóhùn.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, wọ́n darúgbó, wọ́n dùbúlẹ̀. Mo lọ kí wọn. Ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé wọ́n á bi mí ní ìkarùn-ún àti ìkeje.

“Mùfú,” wọ́n ní, “ọmọ Ìwàrà yẹn. Bí o bá rí i, bá mi wo ojú rẹ̀.”

“Màá wò ó, sà.”

“O sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni. Mo bẹ̀rù pé mo máa purọ́, mi ò sì rí i pé òótọ́ lo ń sọ.”

Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mìíràn nípa rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n lọ.

Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, mo padà sí Òṣogbo. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi rán mi ní búrẹ́dì, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Dàda Estate tí mi ò wọ̀ rí. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó wọ awò dúdú. Mo ní kó fún mi ní búrẹ́dì tó rọ̀. Kò dìde. Ó yí orí rẹ̀ sápá òsì, ó ń wo ẹ̀wù mi.

“Bọ̀dá Olówùú,” ó ní, “ẹ tún ti lọ bá ẹni yẹn rán òmíràn.”

Mo wá ibì kan jókòó lórí páálí ọṣẹ.

Ó sọ ti ara rẹ̀ fún mi láìbínú, bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn. Oǹdó ló lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó wá ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó fi orúkọ mìíràn lo oògùn títí ó fi parí, àrùn náà sì lọ. Ó lọ́kọ, ó bí ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n ojú òsì ò pa dé mọ́ bọ̀rọ̀. Ní ọyẹ́ kan, ó ń fẹ́ ẹ̀wà, èèpo wọ ojú náà. Kò mọ̀. Ó parí ẹ̀wà, ó sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì ni ọkọ rẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n báyìí. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú náà ti funfun.

“Kò dùn mí rárá,” ó ní. “Ohun tó ń pa mí lẹ́kún nìyẹn nígbà náà. Ká ní ó tilẹ̀ dùn mí díẹ̀.”

Mo ní, “Ìbídùn, Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan fún wọn o.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ìyẹn náà ni wọ́n fi mọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà bíi tèmi, lórí páálí ọṣẹ. Ó fún mi ní tíṣù láti orí igbá ọjà rẹ̀. Ó béèrè bí Ọ̀gá ṣe wà, mo sọ fún un pé wọ́n ti lọ. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

“Wọ́n ní bí mo bá rí ọ, kí n bá àwọn wo ojú rẹ,” mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Apá kan ojú rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. “Kí ló kù tí ẹ fẹ́ wò níbẹ̀?” Síbẹ̀ ó yọ awò náà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú òwú ìwòsàn kan láti orí pẹpẹ, ó já a, ó fún mi níwọ̀n díẹ̀. “Ó yá, ẹ ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é.”

Mo lọ́ òwú náà kó mú ní ṣóńṣó. Mo ní kó pa ojú dé. Ti ọ̀tún pa. Ti òsì là sílẹ̀, ó funfun, ó ń wo ọ̀dọ̀ mi láìrí mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bò ó, bí Ọ̀gá ti máa ń ṣe. Mo fi òwú kan iwájú orí rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibẹ̀. Mo ní, “Òótọ́ ni.” Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó tọ́ ọ. Mo ní, “Òótọ́ ni.” Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí àbàwọ́n náà wà nígbà kan, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Mo tún fi kàn án. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń retí.

Ọwọ́ mi ò lè lọ mọ́. Mo mú òwú náà padà, mo gbé e lé itan mi, mi ò sì lè sọ fún un pé mo ti ṣe tán.

Ìgbà náà ni Ìbídùn gbé ìka rẹ̀ sókè, ó rọra fi í lé àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà gan-an.

“Ibí ni,” ó ní. “Mo gbọ́ ọ.”

Òwú wà lórí itan mi. Mo ní, “Òótọ́ ni.”